Ọkọ̀ Tí A Lè Fi Sílẹ̀ Lórí Omi

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ mi bi mí, tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bí mo bá ń rẹ́ ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì, ó ń dún ní etí mi. Bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni. "Mọ́mì, bó bá jẹ́ tiwa ńkọ́?" Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọmọ náà ti bá eré mìíràn lọ, ṣùgbọ́n èmi ò rí i gbé jù sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìdáhùn tí mo bá fún un ló máa pinnu bóyá ó yẹ kí n ra ọkọ̀ ojú omi onírìmóòtù fún un rárá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí, bó ṣe ń sáré tó àti iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Èmi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn: ibi tí ọkọ̀ ti dúró láàárín omi, tí kò gbọ́ ti ẹni tó ni ín mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ létí adágún

Ọjọ́ Àìkú ni, a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn yọ, irú oòrùn oṣù kẹrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tan ènìyàn láti bọ́ kóòtù. Ọmọ mi ló ní ká yà sétí adágún kan ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ènìyàn ti máa ń wa ọkọ̀ kékeré, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n ra ọ̀kan fún òun. A bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ pupa kan ni wọ́n gbé wá, ọkọ̀ eré ìje, ó ń fò lórí omi, ó ń da ìfófó sẹ́yìn. Ọmọ mi ò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀.

Lójijì ló dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tẹ rìmóòtù, ó tún un tẹ̀, ó nà án sókè, kò sí èsì. Ọkọ̀ náà dúró sí àárín gbùngbùn adágún, ó kàn ń yí díẹ̀díẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Bí ẹkún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n lọ́ṣòó, ló ń tú okùn bàtà.

Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan wà nítòsí tó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó darí rẹ̀ wá sí bèbè, ó rìn lọ bá ọmọkùnrin náà, ó sì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Kò pariwo. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó so bàtà rẹ̀ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní omi yẹn ò jìn, òun mọ odò wẹ̀, kíá lòun máa jáde. Bàbá ní òun gbà pé ó mọ odò wẹ̀. Ó wá bi í ní ohun kan tó mú kí n sún mọ́ wọn: "Kí o tó gbé e sómi lónìí, ṣé o ti gbà lọ́kàn rẹ pé ó ṣeé ṣe kó má padà wá?"

Ọmọkùnrin náà ò dáhùn. Bàbá ní kí gbogbo wa wo ojú omi. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìgbì kéékèèké ń forí lé, ó ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí koríko wà ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ náà máa gúnlẹ̀ sí bí a bá ní sùúrù. A dúró. Ó pẹ́ o. Ọmọbìnrin náà sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi jókòó sórí koríko, ó gbá orúnkún mọ́ra. Nígbà tó yá, ọkọ̀ pupa náà sún dé ibi tí ọkọ̀ bàbá lè dé, bàbá sì fi imú ọkọ̀ tirẹ̀ tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi kan bèbè. Nígbà tí wọ́n máa gbé e, okùn ìpẹja ló ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀, èyí tó ń yí láti ti ọkọ̀ síwájú. Bàbá yọ bátìrì kúrò kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn náà.

A ti kúrò níbẹ̀, a ti dé ibùdókọ̀, kí ọmọ mi tó bèèrè ohun tó bèèrè.

Ẹni tó mọ odò wẹ̀ náà ń mí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ, pé òun mọ odò wẹ̀, ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí ọmọ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ ní mítà 25 ó kéré tán. Ìlànà tó dára ni, mo sì dúpẹ́ pé ọmọ mi wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Àmọ́ inú omi tí wọ́n mú lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ènìyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí olùkọ́ dúró tì, ni wọ́n ti ń lu mítà 25 yẹn. Adágún ò rí bẹ́ẹ̀.

RNLI, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824 láti máa gba ẹ̀mí là lójú òkun ní Bìrìtéènì àti Áyálándì, máa ń kìlọ̀ nípa omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò tó 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ènìyàn bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀, òtútù máa gbo ara jìgìjìgì. Èémí á já gùdù, á wá di mímí hẹlẹhẹlẹ tí kò ṣeé kápá. Ọkàn á máa lù kìkì. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi nígbà tí èémí já gùdù yẹn, omi ni ènìyàn máa fà sínú. Ẹni tó bá sì bọ́ nínú ìyẹn, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri láìpẹ́. Kò sí ti pé ènìyàn mọ odò wẹ̀ nínú èyí. Ara ló ń ṣe é, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ni pé ẹni tó bá já sómi tútù, kó má tíì lúwẹ̀ẹ́. Kó fi ẹ̀yìn lé omi, kó dojú sókè, kó léfòó títí èémí á fi padà sípò. Ẹni tó bá sì wà lókè, kó má bẹ́ tẹ̀ lé e. Kó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Bìrìtéènì. Bó bá jẹ́ adágún tàbí odò, panápaná ni kó béèrè. Bó bá jẹ́ etí òkun, Coastguard, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, ni. Kó wá ju ohun tó bá lè léfòó sí i.

Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí oòrùn ti mú lókè nígbà náà, omi ò sì tíì mọ̀ pé òtútù ti lọ. Ká tiẹ̀ yọ ti òtútù kúrò, ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀? Ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, àfọ́kù ìgò, kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan jù sínú rẹ̀. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, àwọn àgbà ti wí. Ẹni tó ń lépa ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kò tilẹ̀ rántí pé odò lòun ń wọ̀.

Màmá mi, tí wọ́n dàgbà ní Èpẹ́ létí ọ̀sà, ní ojú ìwòye tiwọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé mo fẹ́ ra ọkọ̀ yìí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ náà ò ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí jìnnà sómi?" Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ẹni tó bá gbé etí ọ̀sà mọ orúkọ àwọn tí omi ti gbé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà nílùú ọba ni ìyá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tọ́, a sì ń fi tọ́ àwọn ọmọ tiwa. Ó wà lára ohun tó fà á tí àwọn adúláwọ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní Bìrìtéènì kò fi pọ̀, débi tí wọ́n fi dá Black Swimming Association sílẹ̀ ní 2020. Alice Dearing, tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Tokyo ní 2021. Ẹ wo ọdún tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún màmá mi, èmi ò gbà pé ká lé ọmọ jìnnà sómi ni ààbò. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó sún mọ́ omi rí, ọjọ́ tó bá dá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò mọ ìwà omi, kò sì sí àgbà tó máa di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ọkọ̀ onírìmóòtù, bí a bá fi í kọ́ ọmọ dáadáa, ń kọ́ ọ láti dúró tì omi fún wákàtí púpọ̀, kó mọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti ìgbì rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mi ò mọ eré mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un

Nígbà tí mo jàjà rí ìdáhùn, mo pe ọmọ mi jókòó. Mo ní, "Bó bá jẹ́ tiwa, a máa fi í sílẹ̀." Ó ní, "Títí láé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí afẹ́fẹ́ ò bá gbé e wá, tí kò sì sí ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè lọ tì í wá, títí láé ni. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní ká má ra èyí tó wọ́n jù nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ààbò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an lọmọ yìí tọ́ka sí. Iye owó ọkọ̀ wà lára ààbò. Ẹni tó fi owó oṣù ra ọkọ̀ eré ìje, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà nínú omi kó tó ronú. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ọkọ̀ tó yára bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, ọkọ̀ tó ń sáré púpọ̀ kì í fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láyè láti ronú: bó bá kọjú sí ẹ, apá ọ̀tún rẹ̀ ti di apá òsì rẹ nìyẹn, kí o tó rántí, ó ti kọlu bèbè tàbí pẹ́pẹ́yẹ.

Ọkọ̀ méjì ló tẹ́ mi lọ́rùn fún ìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tugboat, irú èyí tó ń fa ọkọ̀ òkun ńlá wọ èbúté Àpápá. Ọkọ̀ tugboat kékeré a máa lọ jẹ́jẹ́, ó fẹ̀ nídìí, kì í tètè dojú dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo bátìrì lẹ́ẹ̀dì alásíìdì (lead-acid) tó ní fóòltì 6 tàbí 12, ìwúwo bátìrì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó jókòó dáadáa sínú omi. Ó sì lè ran ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí ti bàbá yẹn ti ṣe.

Ìkejì ni ọkọ̀ aláṣọ. Kò ní abẹ̀bẹ̀ tó lè gé ọwọ́, kò ní ẹ́ńjìnnì. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ kàn ń yí ìtọ́kọ̀, ó sì ń fa okùn aṣọ ọkọ̀ ni. DragonForce 65, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65, gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ títí lè dé orí International One Metre, tí gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mítà kan lọ, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní kílò 4. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Kí ọkọ̀ lè padà wálé

Ṣé ẹ rí i, bí a bá ti gbà pé a lè pàdánù ọkọ̀, ó kù ká ṣe gbogbo ohun tí kò ní jẹ́ ká pàdánù rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo fi ṣáájú. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sómi, ẹ wo ibi tí ó ń fẹ́ sí, kí ẹ sì rìn lọ wo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ bèbè tí ènìyàn lè dúró sí ni, kò séwu. Bó bá jẹ́ inú igbó esùsú tàbí erékùṣù àárín omi níbi tí ẹyẹ ń yé sí, ẹ wá ẹ̀gbẹ́ mìíràn tàbí ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, rìmóòtù ni a máa ń tàn ṣáájú, kí a tó tan ti inú ọkọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ pa á, ti inú ọkọ̀ la ń kọ́kọ́ pa, rìmóòtù kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí kò gbọ́ ohùn rìmóòtù lè ṣe ohun tó bá wù ú, pàápàá àwọn ti àtijọ́, kí abẹ̀bẹ̀ máa yí nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀.

Rìsífà ìgbàlódé, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba ohùn rìmóòtù, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní failsafe, ìyẹn ohun tí ọkọ̀ máa ṣe bí ohùn rìmóòtù bá já. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ má gba ohun tí ìwé inú páálí sọ gbọ́ lásán: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró rẹ̀ nílé, kí abẹ̀bẹ̀ má kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó yí díẹ̀, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Bó bá dúró, ó ti yege. Bó bá ń yí lọ, kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń lọ sódò. Létí omi náà, kí ẹnì kan di ọkọ̀ mú níbi ara rẹ̀, kí ẹnì kejì gbé rìmóòtù rìn jìnnà dé bí ẹ ṣe ní lọ́kàn láti wa ọkọ̀ náà lọ, kí ẹ wò ó bóyá ìtọ́kọ̀ ṣì ń gbọ́ràn.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1898 ni Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ onímọ̀ (patent) nọ́ńbà 613,809 ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe ń darí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà náà, ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra: ta ni ọkọ̀ ń gbọ́ tirẹ̀? Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń lo ìgbì rédíò tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ MHz 27 àti 40, bí ẹni méjì bá wà lórí ikanni kan náà, rìmóòtù tèmi lè darí ọkọ̀ tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń wa ọkọ̀ kékeré fi ń gbé pátákó sétí omi, tí ẹni tó bá fẹ́ lo ikanni kan á fi igi ìháṣọ alámì há a, kí ẹlòmíràn má tan tirẹ̀. MHz 35 ńkọ́? Ti ọkọ̀ òfuurufú kékeré nìkan ni ní Bìrìtéènì. Ẹni tó bá ra rìmóòtù àlòkù kó yẹ èyí wò dáadáa, torí ó lè já ọkọ̀ ẹlòmíràn bọ́ láti ojú ọ̀run.

Ìgbì rédíò GHz 2.4 tí wọ́n ń lò báyìí ti mú wàhálà yẹn kúrò, rìmóòtù àti rìsífà a máa mọ ara wọn. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò lè la omi kọjá. Áńtẹ́nà tó bá wà nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, omi á bò ó mọ́ ìgbì náà lójú. Ẹ gbé e sókè bó bá ti lè ga tó nínú ọkọ̀, kó jìnnà sí bátìrì. Kí ẹ sì ki fóòmù sí àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀, kó lè léfòó bí omi bá tiẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó rì kì í bá afẹ́fẹ́ wá sí bèbè.

Bátìrì tó ń sun inú ilé

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa omi, ṣùgbọ́n ewu tó sún mọ́ wa jù nínú eré yìí kò sí létí omi. Ó wà ní yàrá, níbi tí bátìrì ti ń gba iná.

Bátìrì LiPo, ìyẹn oríṣi bátìrì lithium kan, fúyẹ́, ó lágbára, kì í sì dárí ji ẹni tó bá ṣì í lò. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ jẹ́ fóòltì 3.7, bó bá kún, ó di 4.2, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 3.0 náà, torí ó ti bàjẹ́ nìyẹn, fífi iná sí i padà sì di ewu. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ìgbà díẹ̀, nǹkan bíi 3.8 ló dára kí ẹ fi í pamọ́ sí. Ṣájà tó mọ LiPo, tó ń mú sẹ́ẹ̀lì gbogbo dọ́gba, ni kí ẹ lò; bó bá jẹ́ bátìrì tí wọ́n kọ mAh 2200 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, ampere 2.2 ni kí ẹ fi ṣájì rẹ̀. Èyí tó bá wú, ẹ má fi í pamọ́, ẹ má lù ú wò. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó ti kú.

Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà, bí iná bá dé lóru, gbogbo ohun tó wà nílé la máa ń kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ká tó padà sùn. A ti bá àṣà yẹn dàgbà débi pé a kì í mọ̀ pé à ń ṣe é. LiPo ò gba irú rẹ̀. Bó bá gbiná, kò ní jó wẹ́rẹ́. Á tú èéfín olóró, á tan mànà, kò sì rọrùn láti pa. London Fire Brigade, ìyẹn panápaná Lọ́ńdọ̀nù, ti ń kìlọ̀ lemọ́lemọ́ lórí iná tí bátìrì lithium àwọn kẹ̀kẹ́ oníná ń dá sílẹ̀ nínú ilé, ẹbí kan náà ni bátìrì yìí pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé fúláàtì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ má ṣájì bátìrì sí ọ̀nà ilẹ̀kùn yẹn láé. Orí táìlì tàbí kọnkéré ló yẹ kó wà, nínú àpò tí wọ́n ṣe fún LiPo, kí àgbà kan tí ojú rẹ̀ ṣí wà nítòsí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣájì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù lẹ́yìn eré.

Fún ilé tí ọmọdé wà, èmi fara mọ́ oríṣi bátìrì mìíràn, NiMH (nickel-metal hydride): sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, fóòltì 7.2. Ó wúwo jù, kò fi bẹ́ẹ̀ sáré, ó sì ń fara da àṣìlò ju LiPo lọ. Orí rẹ̀ ni ọmọ mi máa wà títí òun fúnra rẹ̀ á fi lè ṣàlàyé ohun tí mo kọ sókè yìí fún mi láìwo ìwé.

Ọwọ́, eku, ẹyẹ

Abẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn lè gé ìka. Ìyẹn ló fà á tí bàbá àgbàlagbà yẹn fi yọ bátìrì kó tó kan okùn, ó sì yẹ kó di òfin fún gbogbo ènìyàn: kò sí ọwọ́ nídìí ọkọ̀ nígbà tí bátìrì bá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọmọdé ní irin kékeré méjì lábẹ́ tí kì í jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ yí àfi bó bá wà lórí omi. Ó dára, àmọ́ ọwọ́ tó tutù tó bá kan irin méjèèjì pọ̀ lè jẹ́ kó rò pé òun ti wà lórí omi.

Ìtọ̀ eku máa ń wà nínú omi adágún, ó sì ń fa àrùn leptospirosis. Bí ojú egbò bá wà lọ́wọ́, ẹ fi pílásítà tí omi ò lè wọ̀ bò ó, kí ẹ sì fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tó dì pọ̀ lójú omi bí ọ̀dà, ẹ gbé ọkọ̀ yín padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó ń mú ènìyàn ṣàìsàn, ó sì ń pa ajá.

Àwọn ẹyẹ ló ni ibẹ̀ kí á tó dé. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 dáàbò bo ìtẹ́ wọn, ẹni tó bá sì ti rí swan, ẹyẹ omi ńlá ọlọ́rùn gígùn, tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ rí kò nílò òfin kó tó yà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ lọ lásán

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ohun tí mo máa sọ fún un ni pé kó má tíì ra nǹkan kan. Kó mú ọmọ rẹ̀ lọ sétí omi níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà. Round Pond wà ní Kensington Gardens, tí wọ́n gbẹ́ láti 1730. Victoria Park wà ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti dá Victoria Park Model Steam Boat Club sílẹ̀ ní 1904. Ẹ ka pátákó tó wà létí omi, torí ọ̀pọ̀ páàkì ò gba ọkọ̀ tó ń lo epo. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ẹ bi ẹni tó ni ín nípa ìwé ẹ̀rí bọ́ílà rẹ̀. Inú rẹ̀ máa dùn láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi omi dán an wò ní agbára tó ju èyí tó máa lò lọ, kí wọ́n tó jẹ́ kó súnná sí i láàárín ènìyàn.

Ẹ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ bi wọ́n pé bí ọkọ̀ bá dá dúró láàárín omi, kí ni wọ́n máa ń ṣe. Ẹlòmíràn á fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí wọ́n so mọ́ okùn ìpẹja hàn yín, èyí tí wọ́n ń jù kọjá ọkọ̀ kí wọ́n tó fà á bọ̀. Ẹlòmíràn á ní ẹni méjì ló ń di okùn gígùn kan mú ní bèbè méjèèjì, wọ́n á fi gbá ọkọ̀ náà wá. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ọkọ̀ rọ́bà tí ènìyàn ń wọ̀, ẹ béèrè ẹ̀wù ìléfòó tó ń bá a lọ, àti ẹni tí wọ́n yàn láti máa wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ìbánigbófò wọn náà, pé bí ọkọ̀ ọmọ yín bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ta ni yóò sanwó. Ẹgbẹ́ tó bá ní èsì sí gbogbo èyí ni kí ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá yín yan ọkọ̀.